Ife Tí Baba Olójò Fi Wọn Òjò

Bí obìnrin kan bá wà láyé tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òjò ni orogún òun, Ìyá Aránṣọ ni. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni ọkọ rẹ̀ fi ń dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ lọ bá òjò lẹ́yìnkùlé. Bí aago mẹ́sàn-án bá ti fẹ́ lù, ì báà jẹ́ pé oúnjẹ gbígbóná wà níwájú ọkùnrin náà, ì báà jẹ́ pé ìyàwó ń bá a sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì, á dìde, á wọ bàtà rọ́bà, á mú ife gíláàsì gígùn tó wà lójú fèrèsé, ó di ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó á wá máa sọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà fún àga.

Baba Olójò ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ojú ọjọ́ ló gbé agolo òjò kan kalẹ̀ sẹ́yìnkùlé wọn, wọ́n ní kó máa bá àwọn wò ó. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Àrọ wà lórí agolo náà, òjò á rọ̀ sínú àrọ, á ṣàn sínú ìgò tó wà nísàlẹ̀. Tó bá di àárọ̀, Baba Olójò á da omi inú ìgò sínú ife tí wọ́n fa ìlà sí lára, á wo iye mìlímítà tó dé, á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì da omi náà sídìí òdòdó. Ó parí. Àwọn tó ń kọjá lọ á na ọrùn lókè ògiri, wọ́n á ní, "Baba Olójò, ṣé òjò á rọ̀ lónìí?" Èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Ti àná ni mo mọ̀ o. Ẹ lọ bi Ọlọ́run ní tòní."

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tó ti kú. Ìyàwó rẹ̀, tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kì í sinmi nínú yàrá iwájú, ló jogún agolo, ife, àti bàtà rọ́bà tó fi ìka méjì tóbi jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ọkùnrin náà, aago mẹ́sàn-án lù, ó kàn bá ara rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ojú ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń dúró sí ló ń dúró sí. Bó ṣe máa ń gbé ife dọ́gba pẹ̀lú ojú, tó máa ń di ojú kan, bẹ́ẹ̀ náà lòun náà ń ṣe. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì fi bò. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́sàn-án, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó máa ń ṣe é bíi pé ọkùnrin náà kàn wọlé lọ mú bírò ni, pé ó ń bọ̀.

Abẹ́ tábìlì tí Ìyá Aránṣọ fi ń gé aṣọ ni àwọn ìwé òjò wà, ìwé kan fún ọdún kan, ojú ewé kan fún oṣù kan. Iye òjò ojoojúmọ́, ọwọ́ ọkọ ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìlà tó gbẹ̀yìn lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ìyàwó ni. Nígbà tí oṣù bá parí, àwọn méjèèjì á jókòó sí tábìlì náà. Ọkọ á máa pè é, ìyàwó á máa rò ó pọ̀. Aránṣọ ni, ìṣirò kì í ṣe nǹkan tó ń bà á lẹ́rù. Tó bá rò ó pọ̀ tán, á fi iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù pín in, èyí tó bá jáde ni ìpíndọ́gba, ìyẹn iye òjò tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ì bá gbà ká ní ọjọ́ gbogbo gba bákan náà. Òun ni á kọ ọ́ sísàlẹ̀. Baba Olójò á fẹ́ ẹnu sí i kó lè gbẹ, á ní, "Èmi ni mo ni ara ìwé, ìwọ lo ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ara kan kì í rìn láìsí ẹsẹ̀." Ìyàwó á ní kó yé fi ọ̀rọ̀ dídùn gba òun lóorun, kó lọ kó awo oúnjẹ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ Túsìdeè kan tí alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ojú ọjọ́ wá kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, ó gbé àpò dúdú kọ́ èjìká, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sídìí agolo, ó fi rúlà wọn ẹnu àrọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Ó wá gba ife lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ, ó yí ìdí rẹ̀ sókè, ó ka àkọlé wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ ti rí ife yìí?"

"Ti ọkọ mi ni."

"Kì í ṣe ti agolo yìí, mà. Agolo tí ẹnu àrọ tiẹ̀ fẹ̀ ju èyí lọ ni wọ́n ṣe é fún. Tẹ́ ẹ bá da omi inú agolo yín sí i, kò ní pé. Á dín iye òjò kù."

"Á dín in kù?"

"Gbogbo ìgbà, mà. Ó ti tó ọdún mélòó tí wọ́n ti ń lò ó?"

Ìyá Aránṣọ mọ ọdún rẹ̀, ó mọ oṣù rẹ̀, ó mọ ọjọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n, ó padà sẹ́yìn. "Mi ò mọ̀," ló sọ.

Alábẹ̀wò mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n mọ̀ lọ́ọ́fíìsì pé ife tó bá agolo mu ni wọ́n kó fún Baba Olójò níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá mọ ọjọ́ tí òmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó péye àti èyí tí kò péye nínú àwọn ìwé náà. Wọ́n á yọ gbogbo wọn kúrò nínú àkọsílẹ̀. Ó fa ife tuntun kan yọ nínú àpò, ó ní kó máa lo ìyẹn, ó ní òun á padà wá kó àwọn ìwé náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

"Kí lẹ máa fi wọ́n ṣe?"

"Wọ́n á kó wọn dànù, mà. Ẹ má bínú."

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá náà gbé mì. Òun ló fọ́ ife àkọ́kọ́. Ọkọ rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́jọ wọn òjò nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Baba Olójò da òjò sínú ife, ó gbé e ka ojú fèrèsé, ó ní kí òun wọlé lọ nu awò ojú òun kóun tó kà á. Ìyàwó kọjá, ó rí ife tó ti ń hu èèhọ̀n aláwọ̀ ewé nídìí, ó rò pé wọ́n ti ṣe tán pẹ̀lú rẹ̀. Ó da omi náà nù, ó fi ọṣẹ kun ife, ó ń fọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Ọṣẹ yọ̀, kọ́ńkéré gbà á. Àti ife àti òjò, kò ku ọ̀kan.

Ó sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọ kékeré, nítorí òfin ọ́fíìsì ni pé ẹni tó ń wọn òjò nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ife. Ọkọ rẹ̀ mú ìgbálẹ̀, ó gbá àfọ́kù náà fúnra rẹ̀. "Ife ló fọ́," ó ní, "ìwọ kọ́ lo fọ́. Nu ojú." Ọ̀sán ọjọ́ náà ló wọ ọkọ̀ lọ sí ibùdó òjò àtijọ́ kan tí wọ́n ti tì pa. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bá a wá ife kan jáde, gígùn rẹ̀ kan náà, ìlà rẹ̀ jọra. Ta ló máa yí ìdí ife sókè? Baba Olójò gbé e wálé, kò sì sọ fún ọ́fíìsì títí tó fi kú, kí wọ́n má bàa bi í pé ta ló fọ́ ti àkọ́kọ́. Ọkùnrin tí kì í fi ìlà kan purọ́ nínú ìwé, torí ìyàwó rẹ̀ ló ṣe panu mọ́.

Ìdí nìyí tí Ìyá Aránṣọ fi ní òun ò mọ̀. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní Baba Olójò bo nǹkan mọ́lẹ̀. Bí kò bá sì sọ ọ́, iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún di ìdọ̀tí. Èwo ni ṣíṣe?

Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀, ó mú ife méjèèjì jáde. Ó da omi sínú ife ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́: mẹ́jọ. Ó dà á láti ibẹ̀ sínú ife tuntun: mẹ́wàá. Ó pòṣé. Lọ́jọ́ kẹta, ife ọkọ rẹ̀ ní mẹ́rin, ti tuntun ní márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni òjò ńlá kan tó bo gọ́tà mọ́lẹ̀, ife ọkọ rẹ̀ ní ogún, ti tuntun ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá Aránṣọ dúró síbẹ̀ nínú bàtà ńlá. Pín mẹ́jọ sí mẹ́rin, mú ìdá kan kún un, mẹ́wàá ni. Pín ogún sí mẹ́rin, mú ìdá kan kún un, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Nítorí náà, ife yìí kì í purọ́ lónìí kó sọ òótọ́ lọ́la. Irọ́ kan náà ló ń pa lójoojúmọ́, òpùrọ́ tó bá sì ń pa irọ́ kan náà lójoojúmọ́, èèyàn lè bá a gbé.

Ó wọlé, ó fa ìwé ọdún kẹsàn-án yọ, ó mú pẹ́ńsù, ó ní kóun bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ọjọ́ kìíní, méjìlá. Ó fẹ́ fa ìlà lé e kó kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tó wà nínú ọdún mọ́kànlá lé ní ẹgbàajì. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà ló ń wò. Eéjì tí ọkọ rẹ̀ kọ tẹ orí ba bí ẹni tó ń kí àgbà. Eéje rẹ̀ dé fìlà. Ní ọdún tó gbẹ̀yìn, ìgbà tí àìsàn ti mú ọwọ́ rẹ̀, àwọn nọ́mbà náà ń gbọ̀n, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí kò kọ. Kí òun fúnra òun wá máa fa ìlà lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Ìyá Aránṣọ pa ìwé dé, ó gbórí lé e, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Baba Olójò," ó ní, "ẹ ò bá ti jẹ́ kí n sọ fún wọn nígbà yẹn."

Iṣẹ́ kì í dúró de ẹkún. Oníbàárà kan ti kó aṣọ ọmọ wá, ó fẹ́ kó rán irú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, kó fi ìdá kan nínú mẹ́rin tóbi jù ú lọ. Ìyá Aránṣọ tẹ́ bébà, ó ń fà á bó ṣe máa ń fà á: ọrùn, kó fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kún un, apá, bákan náà, ẹ̀gbẹ́, bákan náà. Ó ká bébà náà sí méjì láti fa ìlà àárín, ó sì dúró. Láti ọjọ́ tó ti ń ránṣọ, kò tíì tún àárín wọ̀n rí. Bí gbogbo ẹ̀gbẹ́ bá ti fi ìdá kan náà tóbi, àárín á bá wọn lọ fúnra rẹ̀. Ìpíndọ́gba tó wà nísàlẹ̀ ìwé òjò ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àárín lòun náà?

Ó yí ẹ̀yìn bébà sókè, ó kọ òjò ọ̀sẹ̀ kan láti inú ìwé ọkọ rẹ̀ sí i: méjìlá, òdo, mẹ́jọ, mẹ́rin, òdo, ogún, méjìlá. Ó rò ó pọ̀, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó fi ọjọ́ méje pín in, mẹ́jọ. Ó tún un kọ, ó wá fi ìdá mẹ́rin ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òdo, mẹ́wàá, márùn-ún, òdo, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó rò ó pọ̀, àádọ́rin. Ó fi méje pín in, mẹ́wàá. Ó mú mẹ́jọ ti àkọ́kọ́, ó pín in sí mẹ́rin, ó mú ìdá kan kún un. Mẹ́wàá náà ni!

Ó mú ọ̀sẹ̀ mìíràn, ó dán an wò, bákan náà ló rí. Ó bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan. Kò sídìí láti fọwọ́ kan nọ́mbà kankan nínú ara ìwé. Ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ló fẹ́ àtúnṣe, ìlà ìsàlẹ̀ sì rèé, ọwọ́ òun ni.

Ó tún wo àwọn òdo náà. Ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, ife burúkú ní òdo, ife rere ní òdo. Ìdá mẹ́rin òdo kò sí, ohun tí ò sí kò ṣeé mú kún nǹkan. Ìyá Aránṣọ mọ èyí ju ẹni tó kàwé lọ. Ọdún mẹ́ta ló fi ń tẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ibùsùn láràárọ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, alábẹ̀wò padà dé pẹ̀lú àpò ńlá tó fẹ́ fi kó ìwé. Ìyá Aránṣọ fa àga fún un, ó tẹ́ bébà síwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ ń fi ojú àánú wò ó. Ó wá yọ fóònù, ó ń tẹ nọ́mbà, ó ń ka ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó gbójú sókè.

"Òótọ́ ni, mà. Tí gbogbo iye bá fi ìdá kan náà yí padà, ìpíndọ́gba wọn á fi ìdá yẹn náà yí padà. Ta ló kọ́ yín?"

"Aṣọ ọmọ ló kọ́ mi."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá mi orí. "Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni mo sọ, mà. Tí ife rere bá wọn apá kan nínú oṣù, tí ife yìí wọn apá kejì, ọ̀nà yẹn ò ní ṣiṣẹ́. Mo gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí ife yí padà. Ìdí tí mo fi bi yín nìyẹn."

Ìyá Aránṣọ nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìwé ọdún kẹjọ yọ, ó ṣí i sí ewé tó kẹ́yìn. Ọjọ́ tó parí ọdún náà, níbi tó yẹ kí nọ́mbà wà, ìlà gbọọrọ kan ló wà níbẹ̀.

"Ọjọ́ náà nìyí," ó ní. "Òjò rọ̀. Èmi ni mo da òjò náà nù, èmi ni mo fọ́ ife. Ọkọ mi lọ wá òmíràn kí ẹ má bàa mọ̀ pé èmi ni. Bẹ́ ẹ bá máa bá ẹnì kan wí, èmi rèé, ẹ má pè é ní òpùrọ́."

Alábẹ̀wò fi ìka kan ìlà náà. Ó yẹ àwọn ìwé yòókù wò fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ìlà mìíràn bíi rẹ̀ nínú ọdún mọ́kàndínlógún.

"Ó yẹ kí wọ́n sọ fún wa," ó ní.

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

"Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ tí wọ́n bá kàn fi òdo síbẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Wọn ò sì ṣe bẹ́ẹ̀." Ó gbé ìwé náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹni tó kọ ìlà yìí kì í ṣe òpùrọ́, mà. Mo máa gbà á bẹ́ẹ̀, mo máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé á dúró sí ọ̀dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ife yẹn, mo gbọ́dọ̀ mú un lọ."

"Èyí tó wà lójú fèrèsé?"

"Òun ni ẹlẹ́rìí wa, mà. Òun la máa fi dá wọn lójú lọ́ọ́fíìsì pé ìdá kan nínú márùn-ún ló ń dín kù. Láìsí i, kò sẹ́ni tó máa gbà wá gbọ́."

Ìyá Aránṣọ yíjú sí fèrèsé. Ó wo ife náà. Ọ̀gangan ibi tí àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀ máa ń wà ti pa bàìbàì, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́, ó sì ti pẹ́ tí òun alára ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Láràárọ̀, ibẹ̀ lòun náà máa ń fi àtàǹpàkò tirẹ̀ sí. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé nínú ife àti iṣẹ́, èwo ni Baba Olójò ì bá ní kóun mú. Kò nílò kó ronú jìnnà. Ó mú àjákù aṣọ tó rọ̀ jù lọ nínú agbọ̀n, ó fi wé ife náà bí ẹni ń wé ọmọ, ó nà án sí ọmọbìnrin náà láìwo ojú rẹ̀.

Ọ̀sán náà ni wọ́n tún ẹsẹ̀ ìwé ṣe. Alábẹ̀wò ní òun lè gbé e lọ fi kọ̀ǹpútà ṣe é, Ìyá Aránṣọ ní rárá, kó jókòó. Ọmọbìnrin náà ń pè é, ìyá ń pín in sí mẹ́rin, ó ń mú ìdá kan kún un, ó ń pa iye tí òun fúnra rẹ̀ kọ rẹ́, ó ń kọ tuntun síbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ti ọkọ, ọdún mẹ́ta ti òun. Lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó mọ̀, ó ti na ìwé sí ọmọbìnrin náà kó fẹ́ ẹnu sí i. Ojú tì í. Ọmọbìnrin náà kò béèrè ohunkóhun, ó fẹ́ ẹ.

Òjò ò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án fẹ́ lù, Ìyá Aránṣọ wọ bàtà rọ́bà, ó mú ife tuntun, ó dúró síbi tó máa ń dúró sí. Ife náà mọ́ gaara, kò sí àmì ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Ó da omi sí i, ó gbé e dọ́gba pẹ̀lú ojú, ó di ojú kan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹnì kan ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, ó na ọrùn. "Ìyá, ṣé òjò á tún rọ̀ lónìí?"

"Ti àná ni mo mọ̀," ó dáhùn.

Ó da omi sídìí òdòdó, ó wọlé, ó jókòó sí tábìlì. Ó fi bírò kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ojú ọjọ́ náà, bí òfin ọ́fíìsì ṣe wí. Ó ti fẹ́ pa ìwé dé kó tó dúró. Ó pín in sí márùn-ún, ó yọ ìdá kan kúrò. Ó wá mú pẹ́ńsù, ó kọ méjìlá wẹ́ẹ́ sí etí ìwé, nítorí òun ni iye tí ọkọ rẹ̀ ì bá rí.